Kí ni lineman ń ṣe gan-an? Ẹ jẹ́ kí n fi Duke Slater ṣàlàyé ẹ̀

Lọ́dún 2024, nígbà tí tíìmù New York Jets mú Olumuyiwa Fashanu, ariwo ayọ̀ ló gba gbogbo ibi tí mo bá yà sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kúkú gbọ́ orúkọ náà, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé ọmọ ibo ni. Nínú gbogbo ọ̀dọ́ tó ń ti yunifásítì bọ́ sínú lígì NFL, ìyẹn lígì bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà (American football), lọ́dún yẹn, ẹni kọkànlá tí wọ́n pè ni, ìyẹn ò sì kéré rárá. Àmọ́ láti ìgbà náà, ìbéèrè kan náà ni mo ṣì ń rí: touchdown, ìyẹn góòlù tiwọn, mélòó ló ti ní? Ṣé ó mọ bọ́ọ̀lù gbé sáré? Àwọn èèyàn á lọ wo àkọsílẹ̀, wọ́n á rí i pé kò sí nǹkan kan níwájú orúkọ ẹ̀, wọ́n á wá máa káàánú ẹ̀ pé bóyá orí bẹ́ǹṣì ni kóòṣì fi í sí.

Rárá o. Lineman ni ọmọ yẹn, tackle ni wọ́n ń pe ipò ẹ̀, ẹni tó bá wà ní ipò yẹn sì lè ṣeré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí kó má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wù mí kí n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, kí n sì fi ọkùnrin kan ṣàpẹẹrẹ tó ṣe iṣẹ́ yìí gan-an ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Frederick Wayman Slater, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Duke Slater. Èmi fúnra mi, ìgbà tí mo ka ìtàn ọkùnrin yìí ni eré ọ̀hún tó yé mi, torí náà ẹ fara balẹ̀ ká jọ lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣeré náà ná?

Ẹ gbé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tá a mọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bọ́ọ̀lù tiwọn gùn, ó mú ṣóńṣó lórí àti nídìí bíi kókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lórí igi, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e. Èèyàn 11 ni tíìmù kọ̀ọ̀kan ń kó sórí pápá. Tíìmù tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti gbé e síwájú dé yáàdì 10, ìyẹn mítà mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Tó bá gbé e débẹ̀, wọ́n á tún fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹrin míì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa wọ́ ọ lọ díẹ̀díẹ̀, tí kò bá rí i ṣe, ó di ọwọ́ àwọn tòdìkejì nìyẹn. Tẹ́nì kan bá wá gbé bọ́ọ̀lù náà kọjá ìlà tó wà ní ìparí pápá, touchdown nìyẹn, máàkì 6 ni, wọ́n á sì tún fún tíìmù ẹ̀ láyè láti gbá a wọ àárín òpó méjì fún máàkì 1 sí i.

Ohun tó máa ń dààmú ẹni tó bá ń wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ ni pé eré yẹn máa ń dúró, tí wọ́n bá ti dá ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù wó, gbogbo wọn á dìde, wọ́n á tún lọ tò, wọ́n á dojú kọ ara wọn bí ẹni tó fẹ́ jà, kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìlà tí wọ́n ń tò yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa òní. Àwọn tó sìngbọnlẹ̀ jù ni wọ́n máa ń kó síbẹ̀, àwọn ni lineman. Ẹni tó wà láàárín gbùngbùn ń jẹ́ center, òun ló ń ti abẹ́ ẹsẹ̀ fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Guard méjì wà lọ́tùn-ún lósì ẹ̀, tackle méjì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn guard yẹn, létí ìlà lọ́tùn-ún lósì.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tackle yìí pin yín lẹ́mìí o, torí nǹkan méjì ni wọ́n fi ń pè nínú eré kan náà. Tẹ́nì kan bá gbá ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù mú tó sì dá a wó, tackle ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹni tó dúró sí etí ìlà, tackle náà ni wọ́n ń pè é. Ipò ni ti èkejì yìí, ipò yẹn ni Slater wà, òun náà ni Fashanu wà.

Kí wá ni iṣẹ́ ẹ̀?

Ẹ rò ó bíi kí ẹni méjì máa ti ilẹ̀kùn kan náà, ọ̀kan wà nínú ilé, ọ̀kan wà níta. Ẹni ìta fẹ́ wọlé wá mú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù, ẹni inú ò gbọ́dọ̀ gbà fún un. Lineman ni ẹni inú yẹn, òfin ò sì gbà á láyè láti di aṣọ ẹni ọ̀hún mú tàbí kó gbá a mọ́ra, àyà, èjìká, apá àti ẹsẹ̀ tó fìdí múlẹ̀ dáadáa ló máa fi tì í kúrò lọ́nà. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni. Tí lineman bá rí i tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, àlàfo á ṣí sílẹ̀, ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù á gbabẹ̀ fò jáde, gbogbo pápá á hó yèè, orúkọ ẹni tó sáré ni wọ́n á sì kọ sílẹ̀.

Ṣebí ẹ ti rí eégún tó jáde rí. Àwọn ọ̀dọ́ tó mú àtòrì lọ́wọ́ ló máa ń ṣáájú, àwọn ló ń lé èrò sẹ́yìn kí baba lè ráyè jó. Tá a bá délé, eégún la máa ròyìn, aṣọ ẹ̀, ijó ẹ̀, bó ṣe ki ara ẹ̀. A kì í dárúkọ ọmọ tó mú àtòrì. Bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ọmọ yẹn, èrò á ti bo eégún mọ́lẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ kan. Torí ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ lineman ṣe ṣófo. Àwọn tó ń kọ̀wé sílẹ̀ ń ka yáàdì, wọ́n ń ka touchdown, kò sí ẹni tó ń ka iye èèyàn tí lineman tì kúrò lọ́nà.

Ta ni Duke Slater?

Wọ́n bí i ní December 9, 1898, nílùú Normal ní ìpínlẹ̀ Illinois. Pásítọ̀ ni bàbá ẹ̀. Duke yẹn, ajá ilé wọn ló ń jẹ́ ẹ, ìgbà tó yá ni wọ́n bá fi ń pe ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí ìlú Clinton ní ìpínlẹ̀ Iowa, ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù nílé ìwé, bàbá ẹ̀ fàáké kọ́rí pé kò sóhun tó jọ ọ́, eré tó ń ṣeni léṣe ni. Ọmọ náà ò bá bàbá ẹ̀ fa ọ̀rọ̀, kò kàn jẹun mọ́ ni. Ọjọ́ kan kọjá, òmíràn tún kọjá, ẹnu ẹ̀ ò kan oúnjẹ, bàbá bá gbà, àmọ́ ó ní kò gbọ́dọ̀ fara pa o. Slater wá kọ́ láti máa fi gbogbo ibi tó bá ti ń dùn ún pa mọ́, kó má baà di pé wọ́n á ní kó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Wàhálà míì tún dé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣeré fún ilé ìwé yẹn, bàbá ẹ̀ ló máa ra bàtà àti akoto tó máa dé sórí. Owó pásítọ̀ ò ká méjèèjì. Ó ní kó mú ọ̀kan. Ẹsẹ̀ Slater tóbi kọjá bó ṣe yẹ, kò sì lè yá bàtà ẹlòmíì wọ̀, ló bá mú bàtà. Bó ṣe ń ṣeré lórí òfìfo nìyẹn o, nínú eré táwọn ọkùnrin ti ń fi orí kọ lu ara wọn. Nígbà tó dé Yunifásítì Iowa lọ́dún 1918, ó ti mọ́ ọn lára.

Kí ló wà nínú fọ́tò 1921 tí gbogbo èèyàn ń sọ?

October 8, 1921, Notre Dame wá bá Iowa ní Iowa City. Notre Dame ìgbà yẹn kì í ṣe tíìmù téèyàn ń fojú di, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 20 ni wọ́n ti jẹ léraléra láìsí ẹni tó dá wọn dúró, Knute Rockne sì ni kóòṣì wọn. Iowa jẹ wọ́n ní 10 sí 7.

Fọ́tò kan wà láti ọjọ́ yẹn, tí ẹ bá rí i ẹ wò ó dáadáa. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ dé akoto, orí Slater nìkan ló wà lófìfo. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ara ẹ̀ síwájú, ọkùnrin Notre Dame mẹ́ta sì há sára ẹ̀, òun nìkan ló dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró. Ní ẹ̀yìn ẹ̀, ẹnì kan ń gbé bọ́ọ̀lù gba ibi tó ṣí sílẹ̀ kọjá, Gordon Locke lórúkọ ẹ̀, òun ló gba touchdown ọ̀hún. Nínú ìwé, Locke ló ni máàkì 6. Nínú fọ́tò, ẹ̀yin náà á rí ẹni tó ni í. Lójú tèmi, kò sí ìwé kankan tó lè ṣàlàyé iṣẹ́ lineman tó fọ́tò yẹn. Iowa ò pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan lọ́dún náà, méje ni wọ́n gbá, méje ni wọ́n jẹ.

Báwo ni bọ́ọ̀lù owó ṣe rí nígbà yẹn?

Téèyàn bá gbọ́ NFL lónìí, owó gọbọi àti pápá ràgàjì ló máa wá sọ́kàn ẹ̀. Ẹ mú ìyẹn kúrò lọ́kàn. Ọdún 1920 ni wọ́n dá lígì náà sílẹ̀ ní Canton, ìpínlẹ̀ Ohio, orúkọ míì ló sì ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ọdún 1922 ló di NFL, ọdún yẹn gan-an ni Slater wọlé. Òun ni lineman aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ẹ̀. Tíìmù tó gbà á ni Rock Island Independents, láti ìlú kékeré kan tó wà létí odò Mississippi. Ọ̀pọ̀ tíìmù ìgbà yẹn máa ń là lónìí, wọ́n á kógbá wọlé lọ́la. Rock Island náà, lọ́dún 1926 ó fi NFL sílẹ̀ lọ bá lígì míì, lígì ọ̀hún ò lò ju ọdún kan lọ tó fi tú ká, kí ọdún náà sì tó parí Slater ti bọ́ sí Chicago Cardinals. Tíìmù yẹn ló ti kó lọ sí Arizona báyìí.

Ohun kejì, ẹni kan náà ló ń ṣe iwájú ṣe ẹ̀yìn. Lónìí, tí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tòdìkejì, lineman tó ń dáàbò bo tiwọn á lọ jókòó mumi, àwọn míì á wọlé wá gbógun. Ní ayé Slater, òfin ò jẹ́ kí wọ́n máa pààrọ̀ èèyàn bó ṣe wù wọ́n, ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn láti inú náà ló máa sáré bọ́ síta lọ máa tì í wọlé. Ìṣẹ́jú 60 ni eré ọ̀hún, ọ̀pọ̀ ìgbà ni Slater máa ń wà lórí pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwọ̀n ara ẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi kílò 98, ńlá gidi nìyẹn láyé ìgbà yẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn lineman òde òní ti lé ní kílò 130 dáadáa.

Ohun kẹta, kò sẹ́ni tó gbójú lé bọ́ọ̀lù nìkan. Bí Slater ṣe ń ṣeré yẹn, ó tún ń padà lọ sí Yunifásítì Iowa lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, lọ́dún 1928 ó gba oyè lọ́yà. Ẹ fojú inú wo ẹni tí ojú ẹ̀ wú torí ìkọlù ọjọ́ Sunday, tó tún gbọ́dọ̀ jókòó ti ìwé òfin.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé lineman dáa nígbà tí kò sí nọ́ńbà?

Ọ̀nà kan ni kéèyàn wo ohun táwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ rí ṣe. Ẹ wo November 28, 1929, ọjọ́ Ìdúpẹ́ ní Amẹ́ríkà, Chicago Cardinals àti Chicago Bears. Ernie Nevers ti Cardinals gba touchdown 6 lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì gbá bọ́ọ̀lù wọ àárín òpó. Ẹ ṣírò ẹ̀: mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà jẹ́ 36, ẹ fi 4 kún un, ó di 40. Gbogbo máàkì tíìmù ẹ̀, òun nìkan ló gbà á, Cardinals jẹ Bears ní 40 sí 6. Láti ọjọ́ yẹn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì sí ẹnì kan nínú NFL tó gba máàkì 40 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, òun nìkan ni.

Àmọ́ ta ló ń lànà? Slater wà lórí pápá fún gbogbo ìṣẹ́jú 60 ọjọ́ yẹn. Òun ló wà níwájú tó ń ti àwọn Bears sẹ́gbẹ̀ẹ́. Orúkọ Nevers ló wà nínú àkọsílẹ̀, ó sì tọ́ sí i, mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nǹkan tó tó báyẹn, ẹnì kan ò lè dá a ṣe láé.

Ọ̀nà kejì ni kéèyàn wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò sí níbẹ̀. Lọ́dún 1924, Rock Island lọ bá Kansas City Blues ní ìpínlẹ̀ Missouri. Wọ́n ní aláwọ̀ dúdú ò lè ṣeré níbẹ̀, báyìí ni Slater ò ṣe wọ pápá. Kò ṣàìsàn, ẹsẹ̀ ò dùn ún, awọ ara ẹ̀ ni wọ́n fi dá a dúró. Rock Island fìdí rẹmi ní 23 sí 7. Nígbà tí Kansas City wá sí Rock Island lọ́dún kan náà, tí Slater wà lórí pápá, Rock Island ló jẹ. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí ẹ̀, torí ó hàn pé wọ́n mọ ohun tí Slater tó.

Ṣebí ọdún 1946 ni aláwọ̀ dúdú kọ́kọ́ wọ NFL?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1920 tí lígì bẹ̀rẹ̀, Fritz Pollard àti Bobby Marshall ti wà níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú sì ni àwọn méjèèjì. Àwọn míì tẹ̀ lé wọn, Slater wà lára wọn. Nígbà tó di ọdún 1927, wọ́n ti lé gbogbo wọn dà nù ku Slater nìkan. Lọ́dún 1929 tí Nevers ṣe bẹbẹ yẹn, Slater nìkan ṣoṣo ni aláwọ̀ dúdú nínú lígì náà látòkè délẹ̀. Ọdún 1931 ló gbá àgbáparí, ọdún mẹ́wàá gbáko ló fi ṣeré owó. Ọdún 1933 ni Joe Lillard àti Ray Kemp ṣeré kẹ́yìn, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n tilẹ̀kùn.

Kò sí òfin kankan tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé aláwọ̀ dúdú ò gbọ́dọ̀ wọlé, àwọn tó ni tíìmù kàn gbà á láàárín ara wọn ni. Látọdún 1934 dé 1945, aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ò sí nínú NFL. Ọdún 1946 tí Kenny Washington àti Woody Strode wọ Los Angeles Rams, wọ́n ń tún ilẹ̀kùn tó ti ṣí tẹ́lẹ̀ ṣí ni. Torí pé ọdún 1946 yẹn nìkan làwọn èèyàn rántí, àwọn tó ṣáájú ni wọ́n gbàgbé, tí ẹni tí wọ́n gbàgbé bá wá jẹ́ lineman tí kò ní nọ́ńbà kankan nílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbàgbé ẹ̀.

Kí ló ṣe lẹ́yìn bọ́ọ̀lù?

Chicago ló jókòó sí, ó ń ṣe lọ́yà, ó sì ń ṣe kóòṣì fún àwọn tíìmù aláwọ̀ dúdú lákòókò tí NFL ti ilẹ̀kùn yẹn, kí àwọn ọ̀dọ́ lè ríbi ṣeré. Lọ́dún 1948 wọ́n dìbò yàn án gẹ́gẹ́ bí adájọ́, òun ni aláwọ̀ dúdú kejì tó máa ṣe adájọ́ ní Chicago. Lọ́dún 1960 ó dé kóòtù tó ga jùyẹn lọ, aláwọ̀ dúdú kankan ò tíì débẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ adájọ́ ló wà títí tó fi kú ní August 1966.

Kí ló fà á tí wọ́n fi pẹ́ kí wọ́n tó dá a lọ́lá?

Hall of Fame, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń dá àwọn àgbà eléré lọ́lá, méjì ló wà, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì. Lọ́dún 1951 tí wọ́n kọ́kọ́ yan àwọn èèyàn síbẹ̀, Slater wà nínú wọn, òun nìkan sì ni aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Èkejì, ti bọ́ọ̀lù owó, ló wà ní Canton. Ọdún 1963 ni wọ́n ṣí i. Lọ́dún 1970 àti 1971, orúkọ Slater wà lára àwọn tó kù díẹ̀ kó wọlé, kò wọlé. Ọdún 2020 ni wọ́n tó mú un, ìyẹn ọdún 54 lẹ́yìn tó ti kú. Lójú tèmi, nǹkan tá a ti ń sọ bọ̀ náà ló fà á: fíìmù ìgbà náà ò tó nǹkan, lineman ò ní àkọsílẹ̀ tí wọ́n lè tọ́ka sí, àwọn tó rí i lójú ti ń kú lọ, ọdún méjìlá tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn yẹn sì ti bo ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣáájú mọ́lẹ̀.

Lọ́dún 2021, Yunifásítì Iowa sọ ilẹ̀ pápá ìṣeré wọn ní Duke Slater Field. Wọ́n sì ti gbẹ́ fọ́tò 1921 yẹn sára ère ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà. Slater bẹ̀rẹ̀ síwájú, orí ẹ̀ ò ní akoto, àwọn Notre Dame há sára ẹ̀, Locke sì ń gbé bọ́ọ̀lù kọjá lẹ́yìn ẹ̀.